Ẹ̀rọ Tó Ń Hun Ọ̀rọ̀ àti Ìwádìí Ẹsẹ Ifá

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí kan ń bi ẹ̀rọ ní ohun tó yẹ kí wọ́n bi babaláwo. A kò ní kí wọ́n má lò ó o. Bí wọn yóò ṣe lò ó ni a fẹ́ là yé wọn.

Ẹ̀rọ yìí kì í há ẹsẹ sórí bí ọmọ awo. Ìwé rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń tò wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, Yorùbá kéré. Bí a bá ní kó ki Òyèkú Méjì, ó lè hun ẹsẹ tó dùn létí tí babaláwo kankan kò kì rí.

Ewu ibẹ̀ ńkọ́? Odù 256 ni a ní: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà. Bí ayédèrú bá wọ àárín wọn, ta ni yóò ṣà á kúrò? Ẹnì kan lè ti fi rúbọ kó tó hàn sí wa.

Báyìí ni kí a ṣe máa kọ́ wọn. Èkíní, ẹ lọ bá babaláwo. Ẹ gba àṣẹ, ẹ gba ohùn baba sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́. Ohun tí baba bá ní kì í ṣe ti ìta, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ. Ìkejì, ẹ bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan náà, kẹ́ ẹ tọ́jú ìdáhùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìkẹta, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, kẹ́ ẹ tún wo ìwé bí Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá. Awo wo ló dífá? Ta ló dá a fún? Kí ni wọ́n ní kó rú? Ṣé ó rú u? Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ̀rọ lè sín gbogbo èyí jẹ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ìkẹyìn fi ṣe kókó: lẹ́nu ta ni a ti gbọ́ ọ? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ gbé e sọnù.

Ẹ̀rọ lè bá wa to àkọsílẹ̀, ó lè bá wa ronú ìbéèrè. Kò lè jẹ́rìí. Nígbà tí UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo àgbáyé, ẹnu àwọn baba wa ló gbé e débẹ̀. Ẹ tètè lọ jókòó tì wọ́n.