Òfin ike l'Ékòó: ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná

Ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ni Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ike funfun fúlẹ́fúlẹ́ tá a fi ń bu oúnjẹ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí tákáwéè, ti di èèwọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún àwọn tó ṣì ní i nílẹ̀ láti fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 2025, òfin náà kan àwọn ike mìíràn tá a máa ń lò lẹ́ẹ̀kan tá a sì ń jù nù: ife ike, ṣíbí ike, sítírọ́ọ̀, àti ọ̀rá tí kò bá nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, òfin yìí dára. Ẹni tó bá ń gbé l'Ékòó mọ ohun tójú ń rí nígbà òjò. Tákáwéè kì í jẹrà, ṣe ló máa ń rún wẹ́wẹ́, tí á wọ inú gọ́tà lọ, tí omi á wá ya wọlé onílé. Àwọn tó ń ṣa ike kiri gan-an kì í fẹ́ ṣa á, torí ó fúyẹ́ jù, kò sì mówó wọlé.

Ṣùgbọ́n ta ni òfin yìí ń kọ́kọ́ bá? Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá títì ni. Ọjà rẹ̀ wà níta gbangba, kò sí ibi tó lè gbé e sá sí. Bí wọ́n bá bá ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò tó 40? Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìkan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù. Kò sí ojú tó lè wọn ìyẹn láàárín ọjà. Iléeṣẹ́ tó rọ ọ̀rá náà ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó kó o wọ̀lú náà sì yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà fòfin de ọ̀rá lọ́dún 2017, wọ́n ka ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń kó o wọlé mọ́ ọn, kì í ṣe ẹni tó ń lò ó nìkan. Ìjìyà ibẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 4 tàbí owó ìtanràn 40,000 dọ́là. Mi ò ní kí Èkó le tó bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n tẹ bí ọ̀rá ṣe nípọn tó sára páálí rẹ̀, kí oníṣòwò lè mọ ohun tó ń rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ náà, ẹ má jókòó tẹtẹrẹ. Bó o bá ń ra ike tàbí ọ̀rá, gba rìsíìtì, kó o lè tọ́ka sí ẹni tó tà á fún ọ. Ya owó ike sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, kí o sì dín in kù fún oníbàárà tó bá gbé abọ́ tiẹ̀ wá. Ohun tí ewé bá sì lè gbà, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, òun náà la fi ń di ìrẹsì Ọ̀fadà títí dòní, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kò dùn. Ọbẹ̀ nìkan ni ewé ò lè gbé, ìyẹn ló sì fi yẹ kí abọ́ tó ṣeé fọ̀ lò padà wọ́pọ̀, kí owó rẹ̀ sì rọjú.

Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kíkó ọjà ìyá olóúnjẹ lọ lójoojúmọ́ ò ní kí gọ́tà mọ́, bí ẹni tó ń rọ ike náà bá ṣì ń rọ ọ́ lóru.