Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni èrè èésú?

Èésú jẹ́ ètò ìdáwójọ tí kò ṣàjèjì sí oníṣòwò Amùkòkò ní Èkó. Bí ẹni 10 bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnìkan á kó ₦50,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Òpìtàn Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí èésú ní 1952.

Lójú ẹni tó ń ṣírò owó nìkan, kò sí èrè níbẹ̀: iye téèyàn dá náà ló kó. Ṣùgbọ́n Marcel Mauss, onímọ̀ ará Faransé, ti ṣàlàyé ní 1925 pé ọrẹ máa ń so olùfúnni mọ́ olùgbà, nítorí ó pọn dandan láti san án padà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú èésú. Ẹni tó kọ́kọ́ kó jẹ gbogbo ẹgbẹ́ ní gbèsè; ẹni tó kó kẹ́yìn ti yá wọn lówó láìgba èlé. Ẹni tó bá sá lọ pàdánù orúkọ rere, ohun tó ṣòro púpọ̀ láti rà padà.