Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Ń So Gbólóhùn

Ọmọ kan ní Adido, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, fẹ́ kọ nípa òkè olókùúta tó ń wò lójoojúmọ́. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ: “Òkè náà ga.” Ó wá kọ ọ́ ní Faransé báyìí: “La colline haute.” Olùkọ́ fa ìlà pupa sí i. Ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó rò pé orí òun ni kò pé.

Orí rẹ̀ pé. Yorùbá ló fi ronú, ó sì ronú dáadáa. Ẹ wo gbólóhùn rẹ̀: òkè, náà, ga. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. “Ga” ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó sọ bí òkè ṣe rí, òun náà sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbólóhùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Omi tutù” àti “Ata pọ́n”. Faransé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. “Haute” kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí yóò so ó mọ́ òkè. Ọ̀rọ̀ náà ni “est”: “La colline est haute.”

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí ààlà rẹ̀ kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́, ń pàdé irú ọ̀rọ̀ yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì: “The hill is high.” Ibi kan náà ni ẹsẹ̀ tiwọn náà ti ń yọ̀.

Ṣé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó ń so ni? Ó ní. Kódà ó ní ju ẹyọ kan lọ, ó sì pín iṣẹ́ fún wọn. Bí a bá fẹ́ sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, a ń lo “jẹ́” tàbí “ni”: “Bàbá jẹ́ àgbẹ̀.” “Àgbẹ̀ ni bàbá.” Ẹ rí i pé bí “ni” bá dé, àgbẹ̀ a sáré bọ́ síwájú. Bí ó bá jẹ́ ibi tí nǹkan wà ni, “wà” ló ni iṣẹ́ náà: “Ibùdó rélùwéè wà ní Ṣábẹ̀ẹ́.” Faransé kò pín iṣẹ́ yìí. “Est” kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: “Mon père est cultivateur.” “La gare est à Savè.”

Bí nǹkan bá yí padà, Yorùbá ní “di”: “Ẹ̀gẹ́ di gàrí.” Níbí, Faransé náà mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá: “Le manioc devient du gari.”

Ẹ ṣọ́ra fún “jẹ́” o! “Ìyá jẹ́ olùkọ́” dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé àmì ohùn, ó di “Ìyá jẹ olùkọ́.” Háà! Bí ìyá bá ti jẹ olùkọ́ tán, ta ni yóò wá kọ́ wa?

Ibẹ̀ gan-an ni a ti lè dá ọ̀rọ̀ tó ń so mọ̀. Nínú “Ìyá jẹ ẹ̀bà”, nǹkan méjì ló wà: ìyá wà lọ́tọ̀, ẹ̀bà wà lọ́tọ̀. Nínú “Ìyá jẹ́ olùkọ́”, ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Ìyá yẹn náà ni olùkọ́ yẹn. Ẹ fi wo Faransé. “Maman mange le gari”: méjì ni. “Maman est maîtresse”: ẹnì kan ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé “Òkè náà jẹ́ gíga.” Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló wà létí wọn. Kò dùn létí àgbàlagbà. “Òkè náà ga” ti tó.

Ẹ wá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. “Òkè náà kò ga.” “Bàbá kì í ṣe àgbẹ̀.” “Ìwé kò sí lórí tábìlì.” “Jẹ́” ti lọ, “wà” náà ti lọ! Faransé ń lo “n’est pas” nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbí yìí, Faransé ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n ó tún ń pààrọ̀ aṣọ: “je suis, tu es, il est, nous sommes.” Yorùbá kò ní wàhálà yẹn: mo wà, o wà, ó wà, a wà.

Ní alẹ́, ọmọ Adido yẹn bi ìyá àgbà rẹ̀ pé, “Ìyá àgbà, báwo ni òkè yẹn ṣe rí lójú yín?”

“Ó ga, ọmọ mi.”

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín “ó” àti “ga”. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wá àyè fún “est” nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ báyìí:

L’eau est froide.
Le piment est mûr.
La colline est haute.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ kà á tán. Kò fa ìlà pupa kankan.