Eré Rọ́gíbì Àwọn Ọmọ ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Lónìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa dé oko ẹlòmíràn. A ó kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó dúró létí pápá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, a ó sì wo àwọn ọmọ tó ń ṣe eré tí à ń pè ní rọ́gíbì.

Ẹ lè bi wá pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn wá o. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ wọn mìíràn sì wà nínú eré yìí. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ọmọ-ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé, tí màmá rí ẹrẹ̀ lójú ọmọ, tí wọ́n rí ojú egbò lórúnkún rẹ̀, ṣé wọn kò ní kígbe pé, "Ta ló lu ọmọ mi?" Kò sí ẹni tó lù ú. Eré ló lọ ṣe. Ẹ jẹ́ kí á mọ irú eré tí í ṣe, ewu tó wà nínú rẹ̀, àti bí a ti ń ṣọ́ ewu náà.

IBI TÍ ERÉ NÁÀ TI WÁ

Rugby ni orúkọ ìlú kan ní àárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìwé àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1823, ọmọ ilé-ìwé náà kan tó ń jẹ́ William Webb Ellis gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ọkùnrin ń jẹ́ títí di òní.

Ní ọdún 1871, àwọn ẹgbẹ́ eléré pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó òfin eré náà. Ọdún yẹn kan náà ni Scotland àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ bá ara wọn díje, ní ìlú Edinburgh.

BÍ A TI Ń ṢE É

Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì kò rí roboto. Ó gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó díẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, bí èso kòkó. Ènìyàn 15 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá pé. Eléré lè gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí ó máa sáré. Ó lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù ú síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí ó jù ú sí.

Ẹ kíyè sí òfin yìí dáadáa. Ẹni tó fẹ́ lọ síwájú gbọdọ̀ ní ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá dá sáré jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọwọ́ àwọn alátakò bá tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ìlà kan wà ní ìpẹ̀kun pápá. Bí eléré bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà náà, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, máàkì 5 ni. Tíráì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá, lókè igi tó dábùú wọn. Bí ó bá kọjá, máàkì 2 tún ni. Bí àwọn alátakò bá rú òfin ńlá, wọ́n lè gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fún máàkì 3. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: tíráì méjì jẹ́ 10, bọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn tíráì jẹ́ 2, bọ́ọ̀lù ìrúfin kan jẹ́ 3. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ ÀÌKÚ

Àwọn àgbà a sábà máa ṣe tiwọn ní ọjọ́ Sátidé. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ti àwọn ọmọ. Èyí lè ṣòro díẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Olúkúlùkù ilé ní í yanjú tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú kan á lọ bá ẹgbẹ́ ìlú kejì. Nígbà mìíràn, àwọn náà á wá bá wọn nílé. Àkókò òtútù ni wọ́n ń ṣe é jù. Àwọn òbí á dúró létí pápá nínú òjò, wọ́n á máa mu tíì gbígbóná, wọ́n á máa pariwo orúkọ ọmọ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ni kì í gba kọ́bọ̀. Òbí bíi tiwa ni wọ́n.

Wọn kì í ju ọmọ kékeré sáàárín ọmọ ńlá. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín wọn. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í gbé ara wọn ṣubú rárá. Àsíá kékeré méjì ni wọ́n ń so mọ́ ìbàdí ọmọ. Bí alátakò bá ti já ọ̀kan, ó ti mú un nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn bí a ti ń di ènìyàn mú kí á gbé e ṣubú láìṣe é léṣe. Iye ọmọ inú ẹgbẹ́ náà á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 15. Àwọn ọmọbìnrin náà ń ṣe é.

Ohun kan wà tó wù wá púpọ̀, àwa tí a ti ṣe olórí ilé-ìwé rí. Bí adájọ́ eré bá fọn fèrè, ọ̀rọ̀ parí. Wọn kì í yí i ká kí wọ́n máa pariwo lé e lórí. Bí ìbéèrè bá wà, balógun ẹgbẹ́ ni yóò bi í, tòun ti ọ̀wọ̀. Nígbà tí eré bá parí, àwọn tó ń ta ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn onílé a sì sábà máa fún àlejò lóúnjẹ. Àbí ẹ rí i? Ó jọ gídígbò tiwa láyé àtijọ́: a jà nínú eré, a kò jà nínú ọkàn.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti gbé orúkọ sókè níbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Adédayọ̀ Adébáyọ̀ ní ọdún 1970, ó sì wọ aṣọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méje tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Edinburgh ní ọdún 1993. Balógun wọn, Andrew Harriman, Èkó ni wọ́n ti bí i.

Ọ̀RỌ̀ ORÍ

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gbọn àgbọn, omi inú rẹ̀ á mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo rẹ̀ kò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orí ọmọ. Bí nǹkan bá gbá a, ó lè má ṣẹ̀jẹ̀, ó lè má wú, kí ọpọlọ sì ti mì nínú agbárí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, ọmọ ọdún 14 kan ń ṣe rọ́gíbì fún ilé-ìwé rẹ̀ ní Northern Ireland. Nǹkan gbá a lórí. Ó dìde, ó ń bá eré lọ. Nǹkan tún gbá a. Ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé gbígbá tó tún gbà lórí ìpalára àkọ́kọ́ ló pa á.

Láti July 2023, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí kì í fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun kò gbọdọ̀ di alátakò mú ní ibi tó ga ju ìsàlẹ̀ egungun àyà lọ. Ìjọba Ìlú Ọba sì tẹ ìlànà jáde ní ọdún 2023 kan náà fún gbogbo eré ìdárayá. Ohun tó wí nìyí:

1. Bí ẹ bá fura pé ọpọlọ ọmọ mì, ẹ mú un kúrò ní pápá lójú ẹsẹ̀.
2. Kò gbọdọ̀ padà sínú eré lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní ara òun ti le.
3. Kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni díje kí ọjọ́ 21 tó pé, ó kéré tán.

Kí ni àmì rẹ̀? Orí fífọ́, òòyì, èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, kí ọmọ má rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà. Bí ó bá dákú, tàbí tí ó ń bì léraléra, tàbí tí orí fífọ́ náà ń le sí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti rọ́gíbì nìkan. Àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n ń fi orí gbá orí. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé, àwa náà ti sọ fún ọmọ tó ṣubú rí pé, "Dìde jàre, ṣebí ọkùnrin ni ọ́." Ọmọ náà dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. A kò mọ̀ nígbà náà. Ní báyìí a ti mọ̀. Ẹ má ṣe bí àwa ti ṣe.

Ife-ẹ̀yẹ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Orí ọmọ kò ní ààrọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà wo ni eléré rọ́gíbì kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí?
2. Ẹgbẹ́ kan ní tíráì mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù ìrúfin kan. Máàkì mélòó ni wọ́n ní?
3. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ mì.
4. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí ọmọ rẹ bá fi orí gbá orí ní pápá, tí ó sì ní òun fẹ́ padà sínú eré?