Òjò Orí Òkè Kamẹrúùnù

Ẹni tó bá ń dá oko kòkó lágbègbè Ìkirè àti Àpòmù mọ ohun tí òjò ń fi ojú àgbẹ̀ rí. Òjò á ká ni mọ́ ọ̀nà oko, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára, ara á máa gbọ̀n rìrì. Ṣùgbọ́n ahéré ò jìnnà. Èèyàn á dáná, á sá aṣọ sẹ́bàá ààrò, á sun àgbàdo jẹ, nígbà tó bá fi máa tó wákàtí kan, gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró. Ara ti yá nìyẹn.

Òjò yìí kan náà ń rọ̀ lórí òkè Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kò fi mítà 300 ga ju òkun lọ. Òkè yẹn, tó wà létí òkun níwájú Calabar, lé ní mítà 4,000. Afẹ́fẹ́ òkun ń kọlù ú, ó ń gùn ún lọ sókè, ó sì ń di òjò. Ní Debundscha lẹ́sẹ̀ òkè náà, òjò ọdún kan máa ń lé ní mìlímítà 10,000. Tiwa kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ni Mary Kingsley, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Victoria, tí à ń pè ní Limbe lónìí, ó gba Buea kọjá pẹ̀lú àwọn alárùú. Òjò ń pa wọ́n, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n, nítorí òkè tí ń yọ iná ni. Òkúta rẹ̀ ń fa omi mu, kò sí odò lókè. Ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn alárùú ti wá. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni otútù ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kingsley nìkan ló dé ṣóńṣó. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fi káàdì rẹ̀ sáàárín òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀.

Akin ni, n kò jiyàn. Àwọn alárùú tó padà lọ́nà ló jẹ mí lógún. Nínú ìwé tí Kingsley kọ, àwọn kan kò ní orúkọ ju iṣẹ́ wọn lọ: olórí alárùú, alásè. Ó rọrùn láti pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà dín kù. Lórí ṣóńṣó, èémí kan kò kó ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ọ́síjìn tó ń kó létí òkun. Aṣọ tútù ń fa ooru ara, atẹ́gùn ń gbé e lọ, kò sì sí ahéré. Ọwọ́ á kọ̀ láti de bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ á máa kọ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́. Lẹ́yìn náà ni gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró. Lóko wa, àmì ìlera nìyẹn. Níbẹ̀, ikú ló ti sún mọ́lé. Àwọn tó padà kí ó tó débẹ̀ ṣe ohun tó tọ́.

Lónìí, oṣù kejì ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n ń sáré ìje gun òkè yìí láti Buea. Sarah Etonge gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà. Ará ìlú náà mọ ìgbà tí òkè gbà wọ́n láyè.

Ọmọ Ìkirè tó bá fẹ́ lọ, kó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó di aṣọ gbígbẹ sínú láílọ́ọ̀nù, kó má sì fọwọ́ kàn án títí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ó fi pàgọ́. Kó gbé omi. Kó gbé dòdò Ìkirè náà, torí epo àti adùn inú rẹ̀ ń dáná sí ara. Bí ọwọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá sì ti kọ̀ láti so okùn bàtà, kí gbogbo wọn jọ padà, ì báà ṣe pé ṣóńṣó ti hàn.