"Ṣé Mo Ti Lo Oògùn Mi?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo ti lo oògùn mi?"

"Ẹ ti lò ó, Màámi."

"Irọ́ lò ń pa!"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Bí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá pẹ́ lára èèyàn, wọ́n a máa ba iyè jẹ́, àgàgà bí rọpárọsẹ̀ bá ti kọ lù ú rí. Ẹni tó bá gbàgbé, tó lo oògùn ṣúgà bíi Daonil lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Òógùn á bò ó, á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é! Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, omi ṣúgà ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sọ́sibítù. Bí kò bá lè gbé e mì, kí wọ́n má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Àwọn mìíràn ń fi bírò fa ìlà sára kàlẹ́ńdà ara ògiri bí wọ́n bá ti lò ó tán. Ike onílé méje, ọjọ́ kan ilé kan, dára jù. Ṣùgbọ́n ọmọ ni kó máa to oògùn sí i, ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra kọ́. Ti àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń di oògùn mọ́ ìṣẹ́tí ìró ló burú: ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti ṣúgà mọ́?