Ìkórajọ kálísíọ́mù ní èjìká

Ìkórajọ kálísíọ́mù ní èjìká jẹ́ àìsàn tí kálísíọ́mù fi ń kó jọ sínú iṣan tí ó so ẹran èjìká mọ́ egungun apá. Àpò olómi kékeré kan wà láàrin iṣan yìí àti egungun tí ó wà lókè rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa ha ara wọn. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ jùlọ láàrin àwọn ẹni ọdún 30 sí 60, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ìtàn

Nígbà kan rí, àwọn dókítà gbà pé inú àpò olómi ni kálísíọ́mù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ernest Amory Codman, oníṣẹ́-abẹ ará Boston ní Amẹ́ríkà, tí ó tẹ ìwé jáde lórí èjìká ní ọdún 1934, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé inú iṣan ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Okùnfà

A kò tíì mọ okùnfà rẹ̀ ní pàtó. Ó máa ń bá àtọ̀gbẹ àti àìsàn thyroid rìn. Kì í ṣe mílíìkì tàbí oúnjẹ mìíràn tí ó ní kálísíọ́mù ni ó ń fà á, nítorí náà kò sí ìdí láti torí rẹ̀ yẹra fún wọn.

Àwọn àmì

Kálísíọ́mù náà lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìsí ìrora, tí yóò sì le bí ẹfun. Nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ, yóò rọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín. Bí ó bá tú sínú àpò olómi, àpò náà yóò wú, ìrora rẹ̀ yóò sì gbóná. Aláìsàn lè má lè gbé apá sókè, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Nítorí náà, ìrora tí ó le jù sábà máa ń jẹ́ àmì pé ara ti ń kó kálísíọ́mù náà kúrò.

Àyẹ̀wò

Àwòrán X-ray tàbí ultrasound ni a fi ń rí i. Bí èjìká bá wú, tí ó pọ́n, tí ibà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọ inú oríkèé. Èyí kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó dé ilé-ìwòsàn.

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi fún apá, yìnyín tí a fi aṣọ wé, àti oògùn ìrora bí i ibuprofen. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lo ibuprofen láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Bí ìrora bá ti rọlẹ̀, eré ìdárayá ṣe pàtàkì, nítorí pé èjìká tí a kò lò pẹ́ a máa gan.

Bí èyí kò bá tó, dókítà lè fún àpò olómi náà ní abẹ́rẹ́ steroid. Ó sì lè fi ultrasound tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà dé ibi tí kálísíọ́mù wà, kí ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó sì fà á jáde. Wọ́n tún máa ń lo ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì alágbára fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́-abẹ ni ó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í sì í nílò rẹ̀.